Sípíkà gogoro fún pálọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 12: ìdáhùn fún ìyá wa ní Òkè-Ìjẹ̀bú

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè-Ìjẹ̀bú ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Pálọ̀ mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 14. Táìsì ló wà nílẹ̀, lúfà ló wà lójú fèrèsé. Mo ní ẹ̀rọ àwo àti amplifier 40 wáàtì. Orin jùjú àtijọ́ àti orin ìsìn ni mo máa ń gbọ́, pàápàá tó bá di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ mi tó wà ní Èkó fẹ́ ra sípíkà gogoro méjì fún mi, èyí tó ga tó èjìká mi, tí wúfà ínṣì 8 méjì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n gbà á, àbí kí n ní kó wá kékeré? Ìdí ògiri ni yóò dúró o, ọmọ-ọmọ mi ọlọ́dún méjì sì wà nílé."

Ìdáhùn: Ẹ kú ilé, mà. Ẹ ní kó wá kékeré. Gogoro tí kò ju ìbàdí yín lọ, tó ní wúfà (pépà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, béèsì, jáde) méjì tó jẹ́ ínṣì 5 tàbí 5 àti ààbọ̀, tàbí ẹyọ kan tó jẹ́ ínṣì 6 àti ààbọ̀. Pálọ̀ yín ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kàn ń jíṣẹ́ fún un ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ lè rí nǹkan sọ fún ọmọ yín tó bá ní ńlá lòun fẹ́ fi ṣe ìyá òun lóore.

Yàrá tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ dà bí ìlù. Ìyáàlù àti omele kì í dún bákan náà, torí inú wọn ò fẹ̀ bákan náà. Pálọ̀ náà ní ohùn tirẹ̀, ibi tí ògiri kan jìnnà sí èkejì ló sì ń pinnu ohùn ọ̀hún. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹsẹ̀ bàtà 14 yín jẹ́ mítà 4 àti díẹ̀. Bí ìró bá ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ògiri méjì tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ síra, ohùn kan wà tí lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ máa ń bára mu, tí yóò wá máa wú sókè: nínú pálọ̀ yín, bíi 40 Hz ni, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láàárín ògiri ẹsẹ̀ bàtà 12, bíi 47 Hz ni. Ẹ wá wò ó: okùn tó nípọn jù lọ lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, 41 Hz ni wọ́n ń yí i sí. Ohùn pálọ̀ yín àti ohùn okùn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tí onígìtá bá ti fọwọ́ kan án ni yàrá yóò bá a lù, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ ẹ́.

Sípíkà ńlá tí wọ́n ṣe kó lè rọ́ béèsì jáde láti 30 Hz, wọ́n ṣe é fún yàrá tó fẹ̀, tàbí ilé onípákó bíi ti Amẹ́ríkà, níbi tí ògiri fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí béèsì kọjá síta. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí wọ́n rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì kì í jẹ́ kó lọ síbì kankan. Inú ilé lọ́dọ̀ yín ni yóò kó jọ sí.

Mo ti ṣe àṣìṣe yìí rí, owó oníowó ló sì bá a lọ. Bàbá kan ní Arákàlẹ̀ pè mí kí n wá bá òun to sípíkà. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ni. Gogoro oníwúfà ínṣì 8 méjì tó ga tó àyà mi ni mo ní kí wọ́n rà. Nígbà tí a tan án, lúfà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lójú fèrèsé, gìtá béèsì ń dún gbùù, gbùù, ohùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dópin. Mo fà wọ́n síwájú, mo fà wọ́n sẹ́yìn, mo ki aṣọ bọ ihò ẹ̀yìn wọn. Ó dín díẹ̀, kò lọ. Èyí tó dùn mí jù ni gángan. Onílù ń sọ̀rọ̀ nínú orin yẹn, bàbá náà sì mọ ohun tó ń sọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn a kàn ń gbọ́ pé ìlù ń dún ni.

Ẹ dúró síbí díẹ̀ pẹ̀lú mi, mà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa sípíkà ní òkè òkun máa ń fi dùùrù tàbí ohùn akọrin obìnrin dán an wò. Ohun tó dáa ni. Ṣùgbọ́n àwa ní òṣùwọ̀n kan tí wọn ò ní: ìlù wa ń sọ̀rọ̀. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, ohùn nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Gángan ò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, ohùn ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè nìkan ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Bí béèsì bá ń wú nínú yàrá, orí ohùn ìsàlẹ̀ ìlù ló máa kọ́kọ́ bò, lẹ́yìn náà ni yóò gun orí ti àárín. Etí á ṣì máa gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti lọ. Nítorí náà, sípíkà tó bá jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí onígángan ń wí, tí ẹ sì gbọ́ ọ láì gbé ohùn sókè, òun ló bá pálọ̀ yín mu. Mi ò rí òṣùwọ̀n mìíràn tó mọ́lẹ̀ jù yẹn lọ.

Nígbà tí a pààrọ̀ ti bàbá Arákàlẹ̀ sí gogoro kékeré oníwúfà ínṣì 5, béèsì ò pòórá bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Yàrá ló gbé e sókè fún wọn. Sípíkà kékeré tí agbára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ ní nǹkan bíi 45 tàbí 40 Hz, ibẹ̀ gan-an ni yàrá kékeré máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́. Wọ́n á pàdé láàárín.

Ẹ lè bi mí pé tó bá jẹ́ kékeré la fẹ́, kí ló dé tí a ò ra èyí tí wọ́n ń gbé lé orí sitáńdì? Ká ní pálọ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10 ni, ohun tí n bá sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí sitáńdì máa gbà kò yàtọ̀ sí èyí tí gogoro kékeré máa gbà, sitáńdì tó dáa ní owó tirẹ̀, inú àpótí gogoro sì fẹ̀ jù, èyí tó ń jẹ́ kí béèsì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí i láì fipá. Ti ọmọ ọlọ́dún méjì sì tún wà níbẹ̀. Sípíkà tó jókòó lórí sitáńdì láìsí ìdè, ọwọ́ kan péré ni yóò fi tì í ṣubú.

Gogoro náà lè ṣubú o. Kí ọmọ yín wo ìdí rẹ̀ kó tó sanwó. Èyí tí wọ́n ṣe ẹsẹ̀ tó yọ síta fún, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju àpótí lọ, ni kó rà. Kó gbé ọwọ́ lé e lórí, kó tì í díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń mì kanlẹ̀, kó fi sílẹ̀. Wọ́n máa ń fi ìṣó ẹlẹ́nu ṣóńṣó sínú páálí kí ẹ dè é mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Rọ́ọ̀gì tó nípọn ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Lórí táìsì yín, yóò ha ilẹ̀, yóò sì máa yọ̀. Rọ́bà ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ má sì yọ aṣọ tàbí irin tó bo iwájú rẹ̀ títí ọmọ náà á fi dàgbà. Túwítà, èyí kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, rọ̀ bí ìpéǹpéjú. Bí ìka ọmọdé bá ti tẹ̀ ẹ́ wọlé, pàápàá èyí tí wọ́n fi irin ṣe, kì í padà sípò bó ṣe wà.

Ó ku nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ sẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáàtì dẹ́rù bà yín. Èyí tí wọ́n kọ PMPO sí, ì báà jẹ́ 5,000, ì báà jẹ́ 20,000, ẹ yí ojú kúrò níbẹ̀, kò wọn ohunkóhun tí etí lè gbọ́. Nọ́ńbà tí mo fẹ́ kí ọmọ yín wá ni èyí tí wọ́n fi dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ké tó) kọ, tí wọ́n ń pè ní sensitivity. Bí ohùn ṣe máa jáde tó ló ń sọ, tí wọ́n bá fún sípíkà ní iná díẹ̀, volt 2.83, tí wọ́n sì wọn ohùn náà láti mítà 1. Ọ̀pọ̀ gogoro kékeré wà láàárín 85 sí 90 dB. Ó lè dà bíi pé 85 àti 88 ò jìnnà síra. Ó jìnnà: kí sípíkà 85 dB tó lè ké tó èyí tó jẹ́ 88 dB, ìlọ́po méjì wáàtì ni yóò gbà lọ́wọ́ amplifier. Wáàtì 40 lẹ ní, bí ẹ bá sì sọ ọ́ di 80, dB 3 péré lẹ jèrè. Nítorí náà ẹ wá 87 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáàtì 40 yín á tó, á ṣẹ́kù. Nínú pálọ̀ tí ẹ jókòó sí bíi mítà 3 sí sípíkà, bí ẹ ṣe ń gbọ́ orin nírọ̀lẹ́ yẹn, wáàtì méjì mẹ́ta ni amplifier yín ń lò lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn amplifier fúnra rẹ̀. Wọ́n á ti kọ iye ohm (bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó) tó lè gbé síbẹ̀. Bó bá jẹ́ 4 sí 16 ni wọ́n kọ, èyíkéyìí lẹ lè so mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ 8 ló kéré jù, ẹ má so sípíkà olóhm 4 mọ́ ọn. Ó lè má bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa gbóná bí ààrò, ọjọ́ tí ẹ bá sì ṣe ọdún tí ohùn lọ sókè ló lè kú.

Ní ti ògiri tí ẹ sọ, ọ̀pọ̀ gogoro ló ní ihò kan tó ń mí. Àwọn kan ní in lẹ́yìn, àwọn kan níwájú, àwọn kan nísàlẹ̀. Fún ẹni tí sípíkà rẹ̀ máa wà nítòsí ògiri, èyí tí ihò rẹ̀ wà níwájú máa ń rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń tà á má sọ fún yín pé ìyẹn tán ìṣòro. Ògiri fúnra rẹ̀ ló ń ti béèsì padà síwájú, ihò níwájú tàbí lẹ́yìn, igun yàrá sì burú jù, torí ògiri méjì ló pàdé níbẹ̀. Ẹ fún un ní ààyè ẹsẹ̀ bàtà kan ó kéré tán láti ẹ̀yìn rẹ̀ dé ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méjì láti igun. Mo mọ̀ pé àga ò ní fẹ́ gbà. Ẹ sún àga. Bó bá ṣì ń wú, ẹ ká ìbọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ ki í bọ ihò náà. Ọ̀nà gidi ni, ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń fi fóòmù irú rẹ̀ sínú páálí.

Orúkọ tí ẹ lè fi wọn èyí tí ọmọ yín bá rí: ilé iṣẹ́ Dali ní Denmark ní ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Oberon 5. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 83, wúfà méjì tó jẹ́ ínṣì 5 àti ìdá kan nínú mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, 88 dB ni, ohm 6. Ohun tí mò ń sọ látàárọ̀ gan-an nìyẹn. Ìwọ̀n rẹ̀ ni kó mú lọ sọ́jà, ì báà má rí orúkọ náà. Wharfedale, tó ti wà ní England láti ọdún 1932, KEF tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1961, àwọn méjèèjì náà ń ṣe gogoro, kó wá èyí tó bá sún mọ́ ìwọ̀n yìí nínú tiwọn.

Bí owó ò bá ká tuntun, tòkunbọ̀ wà, mi ò sì kórìíra rẹ̀. Púpọ̀ nínú èyí tí mo ti tà tí mo sì ń gbádùn ọ̀rọ̀ wọn títí dòní, tòkunbọ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó máa rà á gbọ́dọ̀ fọwọ́ bà á. Kó wo etí tó yí pépà wúfà ká. Bó bá jẹ́ rọ́bà, ó dáa. Bó bá jẹ́ fóòmù, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Fóòmù tó ti gbó máa ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ẹ̀kọ tútù, tàbí kó máa bù bí àkàrà tó ti gbẹ, ọ̀rinrin ìlú wa yìí ò sì ní jẹ́ kó pẹ́. Lẹ́yìn náà, kó fi ìka mẹ́rin, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ti pépà náà wọlé kó sì jẹ́ kó padà. Ó yẹ kó lọ kó sì bọ̀ láìsí ìró kankan. Bó bá gbọ́ ìró kan bíi pé ẹnì kan ń fi èékánná ha páálí, kọ́ìlì, wáyà tí wọ́n ká sẹ́yìn pépà náà, ti wọ́, kó dá a dúró níbẹ̀.

Kó mú òkúta tọ́ọ̀ṣì kan àti wáyà kékeré méjì dání. Kó so ẹ̀gbẹ́ àfikún (+) òkúta náà mọ́ ojú pupa lẹ́yìn sípíkà, kó kan ẹ̀gbẹ́ kejì mọ́ ojú dúdú lẹ́ẹ̀kan, kó yọ ọ́ kíá. Yóò gbọ́ "pọ́", pépà wúfà yóò sì sún síwájú. Gbogbo wúfà lára sípíkà méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sún síbi kan náà. Bí ọ̀kan bá ń sá sẹ́yìn nígbà tí èkejì ń jáde, ẹnì kan ti tú u rí, kò sì dá wáyà padà bó ṣe wà. Kó yí i dùbúlẹ̀, kó wo ìdí àpótí náà pẹ̀lú. Pákó tí wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹ̀fun igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ni. Bí omi bá ti dé ibẹ̀ rí, yóò wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì, kò sì sí káfíńtà tó lè dá a padà.

Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó ọmọ yín fún yàrá náà. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Táìsì àti ògiri lásán ń ju ohùn òkè padà sí ara wọn, ìdí nìyẹn tí orin ìsìn fi máa ń dún bíi pé inú ilé ìwẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín pálọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró wínníwínní kan tó tẹ̀ lé e, òun ni mò ń wí. Rọ́ọ̀gì kan tó nípọn láàárín yín àti sípíkà, kọ́tìnì tó wúwo tó bo lúfà látòkè délẹ̀, ìyẹn á ṣe ju kẹ́ ẹ fi ìlọ́po owó ra sípíkà mìíràn lọ. Àwọn abẹ́ lúfà tó bá ń gbọ̀n, ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín há ẹ̀gbẹ́ wọn.

Wáyà ò lọ́rọ̀ púpọ̀. Wáyà kọ́pà gidi 2.5 tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò tó, ẹ kàn rí i pé kọ́pà ni látinú wá sóde: ẹ há a, bí inú rẹ̀ bá funfun, álúmínọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn ni. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú lápá méjèèjì. Bí ẹ bá ṣi apá kan so, béèsì á sá, akọrin á sì dúró sí ibi tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀.

Ẹ so amplifier mọ́ stabilizer. Bí ẹ bá ń lo inverter, kó jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ jẹ́ pure sine wave, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa gbọ́ ìkùn kan lábẹ́ orin tí kò ní lọ. Tí òjò bá ṣú, tí àrá ń sán, ẹ yọ ọ́ lára iná. Ẹ má wulẹ̀ pa á nìkan.

Ọjọ́ tí sípíkà bá dé, ẹ gbé ọ̀kan sí apá ọ̀tún, ọ̀kan sí apá òsì ògiri tó kúrú, ẹsẹ̀ bàtà méje láàárín wọn, kí ẹ sì gbé àga yín sí ibi tó jìnnà sí wọn bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àga náà má wà láàárín gbùngbùn pálọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà méje láti iwájú àti méje láti ẹ̀yìn, ibẹ̀ ni ohùn 40 Hz tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn máa ń parẹ́ pátápátá. Kí ó má sì fẹ̀yìn ti ògiri tó wà lódì kejì, torí ibẹ̀ ló ti máa ń wú jù. Ẹ sún un sí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ wá máa ti ibẹ̀ tún un ṣe.

Ẹ wá gbé àwo jùjú kan sórí ẹ̀rọ, èyí tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ ìlù inú rẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ohùn sí ibi tí ẹ fi lè bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀. Kí ọmọ yín máa sún sípíkà, ìka mẹ́ta síwájú, ìka mẹ́ta sẹ́yìn, kí ẹ̀yin jókòó kẹ́ ẹ máa gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ onígángan bá ti là, ẹ ní kó dúró. Kó fi sẹ́lótéèpù sàmì sí ilẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdí rẹ̀, kí ẹni tó bá gbálẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé lè gbé e padà síbi tó wà.